Ẹni Tó Wò Tí Kò Rí Náà Ní Ohun Tó Fẹ́ Sọ

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Kì í ṣe ìròyìn ogun, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ojú ìwé nípa erin onígi kékeré kan ni, èyí tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n fi ṣéènì so mọ́ irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fín nọ́ńbà sí lára. Jámánì ni ẹni tí ó ni ín ń gbé, ó sì kọ ọ́ sí òkè ojú ìwé náà pé òun fẹ́ kí erin yìí máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí yóò fi dé etí òkun ní ìwọ̀ oòrùn Ireland. Erin náà ti gbìyànjú. Ó ti gba Netherlands àti Belgium kọjá, ó ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wá dúró nínú àpótí kan ní igbó Epping, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí èmi náà ti máa ń rìn kiri. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni ojú ìwé rẹ̀ ń sọ: inú àpótí yẹn ni ó wà.

Kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó ni erin nìkan ni kò gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe geocaching mọ bí eré náà ṣe ń lọ, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹnì kan á fi àpótí pamọ́ sínú igbó tàbí sábẹ́ afárá, á gbé nọ́ńbà GPS tí ń tọ́ka sí ibẹ̀ gan-an sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn á wá a rí, wọ́n á sì fọwọ́ sí ìwé inú rẹ̀. Ọdún 2000 ni eré náà bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kété lẹ́yìn tí ìjọba ibẹ̀ mú ohun tí kì í jẹ́ kí GPS sọ ibi tí nǹkan wà gan-an fún aráàlú kúrò. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn ohun àtọpasẹ̀ dé, àwọn ẹrù kéékèèké tí ẹni tó bá bá wọn nínú àpótí kan máa ń gbé lọ sínú òmíràn, tí olúwa wọn sì ń tọ ipasẹ̀ wọn nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó gbé wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni erin yẹn. Bí àkọsílẹ̀ yẹn bá ti dákẹ́, olúwa ẹrù kò ní ojú mìíràn tí yóò fi ríran.

Ojú ìwé méjì tí kò gbọ́ ohùn ara wọn

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣí ojú ìwé erin náà sí apá òsì kọ̀ǹpútà mi, mo sì ṣí ojú ìwé àpótí náà sí apá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi.

Ní apá òsì, ẹni tó fi erin sínú àpótí ni ó sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ó ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe dùbúlẹ̀ lórí ìwé ìfọwọ́sí, ó sì kọ ọ́ pé òun nírètí pé ẹni tí ń lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn yóò tètè gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohùn kankan fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìlà kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ gidi, tí ó ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti rí erin òun. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ní apá ọ̀tún, ńṣe ni ariwo ń sọ. Ẹsẹ̀ igi ọlọ́jọ́ pípẹ́ kan ni àpótí náà wà, kò jìnnà sí ojú ọ̀nà, àwọn òbí sì máa ń kó ọmọ wọn lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Ẹnì kan kọ ọ́ pé inú àpótí gbẹ dáadáa, pé ìwé ti fẹ́ kún, pé àwọn mú bọ́ọ̀lù rọ́bà kan, àwọn sì fi bọ́tìnnì aláràbarà sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kò rí erin. Òmíràn kọ ọ́ pé ọmọbìnrin òun tú gbogbo ẹrù inú rẹ̀ sórí ewé gbígbẹ nítorí erin náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tí kò bá a. Ẹlòmíràn kàn sọ ọ́ ní ṣókí pé ohun àtọpasẹ̀ tí wọ́n ní ó wà níbẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìdáhùn gan-an tí ẹni Jámánì yẹn ń tọrọ nìyí, ó wà níbẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n ojú ìwé àpótí ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹni tó ni àpótí sì ni ímeèlì rẹ̀ ń lọ bá. Ìbéèrè wà lápá òsì, ìdáhùn wà lápá ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó purọ́, kò sẹ́ni tó ṣọ̀lẹ.

Mo fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹni tó ni erin, mo sọ ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò tíì gbàgbé: ó ní òun ti rò pé ẹnikẹ́ni kì í dé ibi àpótí náà mọ́ ni. Ẹ wò ó bí ìdákẹ́jẹ́ ojú ìwé ṣe tan ènìyàn jẹ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dé ibi àpótí rárá, ojú ìwé erin á dákẹ́. Bí ogún ènìyàn bá dé ibẹ̀, tí wọ́n tú àpótí náà wò délẹ̀, tí wọn kò sì rí nǹkan, ojú ìwé erin á dákẹ́ bákan náà. Ohun méjì tí wọ́n jìnnà síra bí èyí ní ojú kan náà fún ẹni tí ń wò wọ́n láti òkèèrè.

Àkọsílẹ̀ tí ẹni tó rí nìkan lè kọ

Mo ti ń ro ìdí rẹ̀ láti ìgbà náà. Èrò mi ni pé bí a ṣe dá irú àkọsílẹ̀ yìí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó fà á. Àwọn ohun tí a ń kọ nípa ohun àtọpasẹ̀ kò pọ̀: mo gbé e, mo fi í sílẹ̀, mo gbé e dé ibí ṣùgbọ́n ó ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo rí i. Kí a tó lè kọ ọ́ pé a gbé e tàbí pé a rí i, a gbọ́dọ̀ tẹ kóòdù tí wọ́n fín sára irin náà, èyí tí ó yẹ kí ó jẹ́ pé ẹni tó bá fojú kàn án nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá nǹkan níbẹ̀ ni àkọsílẹ̀ fún ní ẹnu. Ẹni tó wá a tí kò rí i kò ní kóòdù tí yóò tẹ̀, nítorí náà kò sí àyè tí a là sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èmi kò bá àṣírí kóòdù yẹn jà o. Àwọn kan wà tí wọ́n ń kó kóòdù jọ, tí wọ́n ń pín in láàárín ara wọn, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ pé àwọn rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún nǹkan tí wọn kò fojú kàn rí, kí iye tó wà lábẹ́ orúkọ wọn lè máa pọ̀ sí i. Bí kóòdù bá wà ní gbangba, ìranù náà á burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n fi máa ń fi ìka bo nọ́ńbà náà kí wọ́n tó ya àwòrán.

Ohun tó ga jù tí ẹnikẹ́ni ti kọ ọ́ rí pé òun rí kò tilẹ̀ sí lórí ilẹ̀ ayé yìí. Nígbà tí ọkọ̀ Perseverance ti àjọ NASA gúnlẹ̀ sórí Mars ní oṣù Kejì ọdún 2021, kóòdù ohun àtọpasẹ̀ kan wà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ SHERLOC wà lára ọkọ̀ náà, ó ní àwọn ègé nǹkan tí wọ́n tò síwájú rẹ̀ láti máa fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì ń ríran bó ṣe yẹ. Ara ọ̀kan nínú àwọn ègé yẹn ni wọ́n fín kóòdù náà sí, lára polycarbonate, irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe ojú akoto àwọn arìnrìn-àjò ojú òfurufú. Ẹnikẹ́ni tó bá ka kóòdù náà nínú àwòrán tí ọkọ̀ fi ránṣẹ́ lè kọ ọ́ pé òun rí i. Ó dùn mọ́ mi, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù pé ẹnì kan á gbé tọ̀hún sápò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹni tó wo àwòrán Mars láti orí àga rẹ̀ àti ẹni tó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ní Epping jọ ń kọ. Ó rọrùn láti kọ ọ́ pé a rí nǹkan, ó sì ní èrè.

Èrè wo ló wà nínú kí a kọ ọ́ pé a kò rí i? Kò sí. Kò fi nǹkan kún iye ẹnikẹ́ni, kò sì dùn ún fọ́nnu nípa rẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́, ó sọ ọ́ nítorí pé ó wá a ni. Nítorí èyí ni mo ṣe ń sọ pé nínú gbogbo ohun tí a lè kọ nípa ẹrù wọ̀nyí, òun ni a lè gbọ́kàn lé jù, òun náà sì ni a kò ya àyè sílẹ̀ fún.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹrù tí a fi rán awakọ̀ ní gáréèjì Ìwó Road ní Ìbàdàn sí ẹni tó wà ní Èkó. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ á gba nọ́ńbà fóònù awakọ̀, á wo nọ́ńbà ọkọ̀, á sì pe ẹni tó ń dúró dè é ní Ọjọ́ta. Bí ẹrù bá dé, ọ̀rọ̀ parí. Bí ọkọ̀ bá dé tí ẹrù kò sí nínú rẹ̀, ẹnu ẹni tó ń retí ni wíwá á ti bẹ̀rẹ̀: á pe Ìbàdàn lójú ẹsẹ̀, Ìbàdàn á pe awakọ̀, awakọ̀ á wá rántí pé ẹnì kan sọ̀ ní Ṣágámù tòun ti báàgì méjì. Àìrí ló gbé gbogbo wọn dìde. Nínú eré tiwa, kò sí ẹni tó ń dúró ní Ọjọ́ta. Ẹni tó ṣèèṣì ṣí àpótí nìkan ló wà, a kò sì fún un ní nọ́ńbà ẹni tí yóò pè.

Ohun tí àwọn tó ń wo ẹyẹ ti mọ̀

Àwọn kan ti yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa. Ní ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Audubon tí ń dáàbò bo ẹyẹ, gbé ìkànnì eBird kalẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ àwọn ẹyẹ tó rí sílẹ̀. Kí a tó fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ níbẹ̀, ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń béèrè: ṣé gbogbo ẹyẹ tí o dá mọ̀ ni o kọ sílẹ̀ yìí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé ẹyẹ tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn di ẹyẹ tí ènìyàn wò yíká tí kò rí. Wọ́n tún máa ń béèrè iye àkókò tí ó lò àti bó ṣe rìn jìnnà tó. Ìbéèrè kékeré yìí ni ó jẹ́ kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹyẹ kan ti ń dín kù, kí wọ́n má baà mọ ibi tí àwọn aláwòye fẹ́ràn láti rìn nìkan.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ń rìn ni àìrí rẹ̀ wúlò o. Láti ọdún 1998 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń kọ nọ́ńbà owó dọ́là wọn sórí ìkànnì Where's George? kí wọ́n lè mọ ibi tí owó náà ń gbà. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Brockmann, Hufnagel àti Geisel, lo àkọsílẹ̀ owó tó lé ní 460,000 láti inú rẹ̀ fún iṣẹ́ kan tí ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature gbé jáde, nípa bí ènìyàn ṣe ń rin ìrìn àjò, èyí tí ó kan bí àrùn ṣe ń ràn. Ibi tí wọ́n ti rí owó nìkan tó fún wọn, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń retí owó kan pàtó nínú àpò kan pàtó. Àpótí geocaching yàtọ̀. Ó kéré, ibi tó wà kò farasin fún àwa tí a ń wá a, ojú ìwé sì ti sọ ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀. Nínú irú àyè tó há bẹ́ẹ̀, àìrí fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára tó rírí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo

Ohun tí mo ń béèrè fún kò pọ̀. Nígbà tí ènìyàn bá ń kọ ọ́ pé òun ti rí àpótí kan, tí ojú ìwé sì sọ pé ohun àtọpasẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí a bi í léèrè nípa rẹ̀: ṣé o rí i? Kí ìdáhùn mẹ́ta wà níbẹ̀: mo rí i, mo wò ṣùgbọ́n n kò rí i, n kò wò. Ẹ̀kẹta ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé ẹni tí òjò ń lé, tó kàn yọ ìwé, tó fọwọ́ sí i, tó sì sáré padà, kò sọ ohunkóhun nípa erin, kò sì yẹ kí a ka ìyára rẹ̀ sí àìrí. Kò sí ìdí tí ìdáhùn kejì fi gbọ́dọ̀ béèrè kóòdù.

Kí ìdáhùn náà sì lọ síbi tó yẹ. Bí ẹnì kan bá sọ pé òun kò rí i, kí ó hàn lójú ìwé ẹrù náà pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ímeèlì rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ẹrù. Bí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí kò mọ ara wọn bá tò tẹ̀ léra pẹ̀lú ìdáhùn kan náà, kí ojú ìwé yé búra pé inú àpótí ló wà, kí ó sọ ibi tí a ti rí i gbẹ̀yìn àti ọjọ́ tí a rí i. Lónìí, fún ẹrù tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí ìwé, wíwà níbẹ̀ àti sísọnù nìkan ni àkọsílẹ̀ mọ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tí ọ̀pọ̀ ẹrù wọ̀nyí wà gan-an ni àárín méjèèjì: ẹnì kan ti mú un, kò tíì kọ ọ́, bóyá yóò sì kọ ọ́ lọ́la. Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa difá ọrọọrún. Ìlà tí ẹnì kan kọ ní oṣù Kẹrin kò lè jẹ́rìí fún àpótí tí a ń ṣí ní oṣù Kẹwàá, pàápàá nígbà tí àwọn tó ṣí i láàárín méjèèjì ti wò ó fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí tún ní ẹ̀ka kan tí n kò lè fò dá. Ẹni àkọ́kọ́ fi ẹrù sínú àpótí ní Sátidé, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì kò sí nínú igbó, ó ní òun á kọ ọ́ nílé. Ẹni kejì gbé e ní Sọ́ńdè, ó sì kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Mọ́ńdè, ojú ìwé sọ fún un pé ẹrù náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bí kò bá ní sùúrù, yóò tún un gbà padà lórí ìwé, yóò fi í sílẹ̀ nínú àpótí, ẹrù náà yóò sì wà nínú igbó lójú ìwé nígbà tó wà nínú àpò ẹni kejì lójú ayé. Òtítọ́ ni ẹni méjèèjì kọ. Bí ojú ìwé bá ń tẹ̀ lé ọjọ́ àti wákàtí tí nǹkan ṣẹlẹ̀ dípò ìgbà tí ènìyàn tẹ̀ ẹ́, ìyọnu yìí á dín kù púpọ̀, àìrí pẹ̀lú á sì lè bọ́ sí àyè rẹ̀ láàárín àwọn yòókù.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà bá ń wá ibi tí a ti lè kọ́kọ́ dán irú nǹkan báyìí wò, ẹ wo GeoKrety, tí àwọn ará Poland dá sílẹ̀. Irú eré kan náà ni, ọ̀fẹ́ ni, ènìyàn lè tẹ àmì tirẹ̀ nílé fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè ka kóòdù tí wọ́n fi kọ ìkànnì náà, kí ó mú àbá wá.

Àwọn tí yóò ní kò ṣeé ṣe

Mo ti gbọ́ díẹ̀ nínú àwọn ohun tí wọ́n á sọ. Àkọ́kọ́ ni àwọn àpótí ńláńlá tí wọ́n ń pè ní hòtẹ́ẹ̀lì, tí ọ̀pọ̀ wọn wà nítòsí pápákọ̀ òfurufú, níbi tí ojú ìwé ti lè ka ogójì ohun àtọpasẹ̀ kalẹ̀. Ta ni yóò dáhùn ìbéèrè ogójì nínú òtútù? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irú ibẹ̀ gan-an ni irọ́ ojú ìwé ti pọ̀ jù, nítorí pé ẹrù ń wọlé ń jáde lójoojúmọ́. Ó tó kí ènìyàn fọwọ́ kan àwọn tó rí, kí ó sì dáhùn ìbéèrè kan ní ìsàlẹ̀: ṣé gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ lo fọwọ́ kàn yìí? Ọgbọ́n àwọn aláwòye ẹyẹ náà nìyẹn.

Àwọn mìíràn á ní a fẹ́ dójú ti ẹni tó ni àpótí. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àìrí ẹrù kò sọ pé àpótí kò dára tàbí pé olè wà ládùúgbò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọdé ló mú nǹkan náà, tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí ó máa rìn. Ẹni tó ni àpótí gan-an ni yóò jàǹfààní jù, torí òun ni àwọn ènìyàn ń fi ẹjọ́ ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ sùn lónìí.

Kí ìyẹn tó di ṣíṣe, àwọn nǹkan kan wà tí apá wa ká. Gbogbo ohun àtọpasẹ̀ ní nọ́ńbà gbangba, tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TB, yàtọ̀ sí kóòdù ara irin. Nọ́ńbà gbangba yẹn ni kí ẹ kọ sínú àkọsílẹ̀ àpótí bí ẹ kò bá rí ẹrù náà. Orúkọ ẹni tó ni ín wà lójú ìwé rẹ̀, ìlà méjì sì tó láti fi sọ fún un: ọjọ́ tí ẹ ṣí àpótí, àti pé ẹ tú u délẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní àpótí, ẹ ní àṣẹ tí àwa yòókù kò ní, láti kọ ọ́ pé ẹrù kan kò sí nínú àpótí yín mọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú yín ló ń lò ó, mo sì mọ̀ pé àánú ló ń fà á, ẹ kò fẹ́ kéde òfò fún ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Bí ẹni méjì tí kò bára wọn wá bá ti sọ ọ́, ẹ dé ibẹ̀ fúnra yín, ẹ gbọn àpótí náà yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, kí ẹ sì yọ orúkọ ẹrù náà kúrò nínú àkójọ rẹ̀ kí òbí mìíràn tó wakọ̀ wákàtí méjì gbé ọmọ rẹ̀ wá nítorí rẹ̀.